Faransé kọ́ ló dá Madagascar sílẹ̀

Ó ti sú mi. Lọ́jọ́ Sátidé, nílé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa, ẹnìkan rántí bí Madagascar ṣe na Super Eagles 2-0 ní Íjíbítì lọ́dún 2019, ló bá fi tirẹ̀ kún un: "Erékùṣù tí ẹ̀yà ń bá ẹ̀yà jà lásán ni, Faransé ló sọ wọ́n di orílẹ̀-èdè." Gbogbo ilé ń mi orí, títí kan ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èwo ni Faransé dá sílẹ̀ níbẹ̀?

Nígbà tí Andrianampoinimerina gorí oyè ní Ambohimanga ní nǹkan bí ọdún 1787, ọ̀nà mẹ́rin ni ìjọba Merina, ẹ̀yà àárín gbùngbùn erékùṣù náà, pín sí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń gbógun ti ara wọn. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó gba Antananarivo tó jẹ́ olú-ìlú wọn títí dòní, ó sì fẹ iṣẹ́ tí àwọn ọba ìṣáájú ti bẹ̀rẹ̀ lójú: wọ́n mọ bèbè dí omi àbàtà Betsimitatatra tó wà nísàlẹ̀ ìlú, wọ́n sọ ọ́ di oko ìrẹsì. Ẹ má fojú kéré ìrẹsì yẹn o. Ọmọ Madagascar kan tí a jọ gbé yàrá nílé-ìwé lè jẹ odidi búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin, kó tún ní òun ò tíì jẹun. Lédè wọn, "jẹ ìrẹsì" ni wọ́n ń pe jíjẹun. Ọ̀rọ̀ tí ọba náà sì fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ rèé: òkun ni ààlà oko ìrẹsì mi. Ó kú lọ́dún 1810, ọdún 85 kí Faransé tó gba olú-ìlú wọn.

Radama ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe rí. Lọ́dún 1817 ó bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn pé òun ò ní jẹ́ kí wọ́n ta ẹrú sókè òkun mọ́. Gẹ̀ẹ́sì sì pè é ní ọba Madagascar nínú ìwé. Lọ́dún 1823, òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè wọn sílẹ̀: kóńsónáǹtì bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ̀lì bíi ti Faransé, àfi "o" tí wọ́n ń pè ní "u". (Tí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gbé yàrá yẹn bá pe Antananarivo, "o" ìparí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde lẹ́nu rẹ̀.) Ní 1835 odidi Bíbélì ti jáde lédè wọn. Tiwa ńkọ́? 1884.

Ní 1882 wọ́n rán ikọ̀ lọ sí Párìsì, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ta ló rán wọn, àwọn ẹ̀yà tó ń jà? Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé dé Antananarivo ní 1895, ààfin ni wọ́n yin àgbá lù, Ọbabìnrin Ranavalona Kẹta ni wọ́n mú tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n lé e kúrò nílùú ní 1897, Algiers ló kú sí ní 1917. Agbádá tí ẹlòmíì ti rán tán ni Faransé gbé wọ̀.

Ẹ óò ní reluwé ńkọ́. Ó dáa, Faransé ṣe reluwé.

Mo gbà pé apá Merina ò ká gbogbo gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n àwọn Sakalava ìwọ̀-oòrùn náà ní ọba tiwọn, wọ́n sì ń wẹ ohun mímọ́ àwọn ọba wọn tó ti wàjà nínú odò Tsiribihina títí dòní.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì kéré nígbà tí iná jó ààfin orí òkè Antananarivo ní November 1995. Ó ní ìyá òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Betsimisaraka, ará etí òkun, ni ìyá náà. Kì í ṣe Merina rárá.