Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá kọ́ òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì níṣẹ́ tán, á sá lọ. Irọ́ ni o

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń ká mi lára tipẹ́, àmọ́ Sátidé tó lọ yìí ló wá kún mi dé ọ̀fun. Ìsọmọlórúkọ la lọ ṣe ní Ajílòsun, bàbá kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì sí Adó-Èkìtì níbí jókòó sídìí tábìlì wa, ẹnì kan bi wọ́n pé ṣé àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn máa ń lọ fún tréníìnì, wọ́n ní, "Tréníìnì kẹ̀? Kí n fowó mi kọ́ wọn tán kí wọ́n wá sá lọ bá ẹlòmíì?" Gbogbo tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí pé òótọ́ ni Dádì sọ. Mi ò lè máa bá àgbà jiyàn níbi tí wọ́n ti ń tọ́ oyin sọ́mọ lẹ́nu, mo bá panu mọ́. Ibí ni mo fẹ́ dá wọn lóhùn sí, torí kì í ṣe bàbá yẹn nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo olótẹ́ẹ̀lì tí mo ti bá pàdé láti Ìkéré dé Ìdó ló gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Látorí gbígbá yàrá àti títẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo dé rísẹ́pṣọ̀n, mo ṣe súpáfáísọ̀, òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ní Adó, ọ̀kan ní Àkúrẹ́. Àwọn tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lójú mi láàárín ìgbà yẹn ò lóǹkà. Mi ò rántí ẹyọ ẹnì kan tó lọ torí pé wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́. Wọn ò kúkú kọ́ wa! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ wo ibẹ̀ yẹn dáadáa: òtẹ́ẹ̀lì tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ sì ń lọ lóṣooṣù, kí ni wọ́n wá kọ́ níbẹ̀ tí wọ́n gbé sá lọ?

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n gba ọmọ Ìlawẹ̀ kan wọlé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì ni. Ọjọ́ tó dé ni wọ́n ti kó ìgbálẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ yàrá mẹ́jọ lé e lọ́wọ́, ó parí, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó gbà. Lọ́jọ́ kẹta, àlejò kan kúrò, ẹ̀jẹ̀ ti kán sí bẹ́díṣíìtì funfun, kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ yìí rò ó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa rò ó, pé omi gbígbóná ló ń mú ìdọ̀tí kúrò, ó se omi hó, ó dà á lé ibẹ̀, ó wá ń fi ọṣẹ gbo ó tagbáratagbára. Ẹ̀jẹ̀ yẹn di àwọ̀ tíì, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ pátápátá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ láúńdírì mọ̀ pé omi tútù lèèyàn fi ń bá ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ńṣe lomi gbígbóná máa ń se é mọ́ aṣọ bí ẹyin ṣe ń dì nínú ìkòkò. Omi tútù, iyọ̀ díẹ̀, kéèyàn rẹ ẹ́ kó tó gbẹ, kó máa rọra fọwọ́ ra á láti ẹ̀yìn aṣọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi hàn án, àmọ́ aṣọ ti bàjẹ́ kí n tó débẹ̀. Mánéjà yọ ₦9,000 nínú owó oṣù ẹ̀, owó oṣù tí ò ju ₦25,000 lọ nígbà yẹn o. Ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ló lọ jókòó sí, ó ń sunkún níbẹ̀ kí ariwo ẹ̀rọ lè bo ohùn ẹ̀. Kò lò tó oṣù méjì tó fi lọ. Àwọn ọ̀gá wa ní ẹ ò rí i, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Bọ̀bọ́ kan níbẹ̀ náà da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó rò pé méjèèjì pa pọ̀ máa jẹ́ kó funfun sí i, nínú bàfúrúùmù tí ò ní fèrèsé. Àwọn méjèèjì bá ti pàdé, gáàsì klorín ló ń jáde, ó lè pààyàn. Ikọ́ ẹ̀ la gbọ́ la fi sáré wọ́ ọ jáde, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí, kò sí bébà kan lára ògiri sítọ́ọ̀ tó kọ ọ́ pé ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ṣé irú ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ń bẹ̀rù pé èèyàn máa gbé sá lọ?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èèyàn á fi ọdún mẹ́wàá kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, á ra táìsì, á ra AC, á fi iná olówó ńlá sẹ́nu géètì, ọmọ tó wá máa kí àlejò káàbọ̀, tó máa tẹ́ ibi tí àlejò máa sùn sí, tó máa gúnyán fún un láàárọ̀, kò ní ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Àwọn tó ń wá wo omi Ìkògòsì láti Èkó àti Àbújá, tí wọ́n bá délé, kì í ṣe táìsì ni wọ́n máa ròyìn, bí wọ́n ṣe gbà wọ́n lálejò ni.

Kí ló wá ń lé òṣìṣẹ́ lọ? Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo fojú rí. Ìsinmi tí ò sí ni àkọ́kọ́. Téèyàn bá wọlé ní aago méje àárọ̀, aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa jáde, lásìkò Kérésì tàbí nígbà tí EKSU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, bá ń ṣe kọ́nfọkéṣọ̀n tí gbogbo yàrá kún, ẹ lè má fojú kan ilé yín fún ọjọ́ mẹ́rin, orí bẹ́ǹṣì kíṣìnì lẹ ó máa sùn. Wọ́n á ní bí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ṣe rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tí wọ́n ti ṣe láti 1974, sọ pé láàárín ọjọ́ méje, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan tó máa fi sinmi, wákàtí 24 gbáko láìdá a sí méjì. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, ó kéré tán, wákàtí kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ìsinmi. Tó bá ti pé ọdún kan, ó ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà, pẹ̀lú owó ẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta tó wọlé, kí wọ́n ti fún un ní ìwé tó sọ iye tó ń gbà àti bó ṣe máa ṣiṣẹ́ ẹ̀. Nínú òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí mo ṣe, ibì kan ṣoṣo ni mo ti gba ìwé.

Ẹ̀ẹ́kejì ni owó tí wọ́n ń yọ. Ife fọ́, yọ ọ́ lówó oṣù ẹ̀, rìmóòtù sọnù, yọ ọ́, àlejò gbé táwẹ̀lì sínú báàgì lọ, yọ ọ́. Òfin yẹn kan náà, abala 5, ló sọ pé ọ̀gá ò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gé owó òṣìṣẹ́ nítorí fáìnì, tó bá sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí kò kọbi ara sí i ló bàjẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó yọ nǹkan kan. ₦9,000 ọmọ Ìlawẹ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní, torí èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn, mi ò rí ẹnu gbà á sílẹ̀.

Àwọn kan á tún ní, ṣebí tíìpù ni wọ́n ń jẹ, owó oṣù ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Tíìpù, ọrẹ àlejò ni o, àlejò lè fún ẹ lónìí kó má fún ẹ títí oṣù á fi parí, ẹni tó sì wà ní láúńdírì àti ẹni tó ń fọ abọ́ kì í tilẹ̀ rí àlejò sójú. Àdéhùn kan wà tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní 1991 fún òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ nìkan, nọ́ńbà 172, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé tíìpù wà o, kò sí o, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba owó gidi lásìkò tó yẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000, tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2024 ò kan òun torí òṣìṣẹ́ òun ò tó 25. Lóòótọ́, òfin yẹn yọ àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn ò pé 25 sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó nìyẹn, ọjọ́ ìsinmi òṣìṣẹ́ ò bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà péré, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gbọ́dọ̀ sinmi.

Ẹ̀ẹ́kẹta ni pé kò sí òkè tí wọ́n lè gùn. Ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́dún kìíní á ṣì máa tẹ́ ẹ lọ́dún keje, tí ipò súpáfáísọ̀ bá ṣí sílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni wọ́n máa mú wá láti Èkó. Ibí ni mo ti gbà pé èrò kan náà ló wà nídìí gbogbo ẹ̀, pé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe iṣẹ́ gidi, ẹni tí ò ríṣẹ́ ló ń ṣe é, àwa Èkìtì tá a fẹ́ràn ìwé ló tiẹ̀ burú jù sí lára wa. Síbẹ̀, láti 1893 ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní Lausanne, ní Switzerland, ó sì wà títí dòní. César Ritz tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe òtẹ́ẹ̀lì Ritz ní Paris, ọmọ àgbẹ̀ ni, òun ni ìkẹtàlá nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí, iṣẹ́ wéítà ló fi bẹ̀rẹ̀ kó tó ṣí òtẹ́ẹ̀lì yẹn ní 1898.

Ṣé ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́ lè lọ? Ó lè lọ, mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn kan á tẹ̀ lé ọkọ wọn lọ, àwọn kan á jáde lọ sílùú òyìnbó. Àmọ́ ẹni tó ní ọjọ́ ófù, tí owó ẹ̀ ń wọlé ní ọjọ́ 28 láìyẹ̀, tó mọ̀ pé lọ́dún tó ń bọ̀ òun lè di súpáfáísọ̀, kì í dédé lọ torí ₦5,000 tí ẹlòmíì fi kún un. Mo sọ ọ́ torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ibi kẹta tí mo ṣe ní Adó, ọdún márùn-ún ni mo lò níbẹ̀, wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì níbòmíì mi ò lọ, torí màmá tó ni ibẹ̀ máa ń jókòó tì wá láàárọ̀ Mọ́ńdè, á ní kí ẹni tó bá mọ nǹkan kan kọ́ àwọn tó kù. Wákàtí kan péré ni. Èyí tí mi ò gbà rárá ni kí wọ́n gba sátífíkéètì ọmọlọ́mọ pamọ́ kó má bàa lè lọ, ẹ dákun ẹ fi sílẹ̀, kò bójú mu.

Àtipé owó ẹ̀kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ yín ti ń san án. Àjọ ITF tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 láti máa rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, òfin ní ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó san lọ́dún fún wọn. Tẹ́ ẹ bá wá fi hàn wọ́n pé ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ yín níṣẹ́ bó ṣe yẹ, wọ́n lè dá tó ìdajì owó yẹn padà fún yín. Bàbá Ajílòsun, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pe akáúńtáǹtì yín láàárọ̀ ọ̀la, ẹ bi í léèrè bóyá ẹ ń san án, àti ìgbà tẹ́ ẹ béèrè tiyín padà kẹ́yìn.