Ká Ní Nǹkan Kọ́ Ni Ìmúrasílẹ̀

Bí wàhálà bá já luni, ohun tá a sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kò sí owó, kò sí irinṣẹ́. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo ọkọ̀ Titanic tó rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkọ̀ ìgbàlà rẹ̀ kò tó: 20 péré fún èrò tó lé ní 2,200. Bẹ́ẹ̀ òfin ìgbà yẹn kò tiẹ̀ béèrè ju 16 lọ (ẹ ò rí i pé à ń pa òfin mọ́, à ń kú lọ). Èyí tó dùn mí jù ni pé ìwọ̀nba tó wà náà ò kún. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lè gbé èèyàn 65. Nǹkan bí 28 ló bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń bẹ̀rù pé bó bá kún, irin tó gbé e rọ̀ ò ní gbà á. Àwọn èrò kan ò tiẹ̀ fẹ́ wọ̀ ọ́, wọ́n ní ọkọ̀ ńlá ò lè rì. Kò sẹ́ni tó ti fi bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ dánra wò pẹ̀lú wọn rí. Èèyàn tó lé ní 1,500 ló kú.

Ẹ wá gbọ́ ti erékùṣù Simeulue ní Indonéṣíà. Lọ́jọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, òkun ya bo ilẹ̀, ó pa nǹkan bí 230,000 èèyàn ní etí Òkun Íńdíà. Simeulue sún mọ́ orírun jàǹbá náà pẹ́kípẹ́kí, kò sì sí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́dún 1907, àtìgbà náà làwọn àgbà sì ti ń sọ ọ́ fún ọmọdé: bí ilẹ̀ bá mì, tí òkun fà sẹ́yìn, ẹ má dúró wòran, ẹ sá gun òkè. Wọ́n sá. Nínú nǹkan bí 78,000 èèyàn, 7 ló kú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àìmúrasílẹ̀ lójú tèmi ni agolo pupa tí wọ́n fi ń paná, tó ti wà lára ògiri láti ọdún gbọọrọ, tó jẹ́ pé ìgbà tí èèfín kún ojú lẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kó kọ́kọ́ fa irin ọrùn rẹ̀ yọ.

Àwọn ọ̀gá tó ń sọ pé ìdánrawò ń fi àkókò ṣòfò, n kì í bá wọn jiyàn. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n fi ọ̀nà àbájáde kejì nínú ilé tí wọ́n jókòó sí hàn mí.