Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe oògùn ibà

"Ẹ fún mi ní káàdì kan ná, màá padà wá." Ẹni tó bá ti jókòó sí kẹ́mísì rí á mọ ọ̀rọ̀ yìí. Oníbàárà á ka owó ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á gba hóró mẹ́wàá atorvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ojoojúmọ́ ni dókítà ní kó máa lò ó. Nígbà tí káàdì yẹn bá fi máa tán, owó iléèwé ọmọ ti délẹ̀. Ó di ìgbà mìíràn nìyẹn.

Èyí tó tún dùn wá jù ni ti ẹni tí apá rẹ̀ ká a, tó wá dá oògùn dúró torí pé àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn dára. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn náà ló mú un dára! Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́róòlù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń sọ yìí. Ẹ̀dọ̀ yìí ni statin, ìyẹn irú oògùn tí atorvastatin jẹ́, ń dá lọ́wọ́ kọ́. Bí ẹ bá dá a dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀rá á tún gòkè, kò sì ní fi ẹ̀fọ́rí kìlọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé, ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ gbé bàbá wọn ṣánlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọ̀rá yìí.

Bí iṣan bá ń ro yín, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó dín oògùn náà kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Kí aláboyún tètè sọ fún un. Ẹni tó ń mu àgbo, kó má fi pa mọ́.

Ìkòkò ọbẹ̀ náà lọ́rọ̀. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́róòlù sókè. A ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má da ìgò délẹ̀. Ẹ̀wà, ilá àti ìrìn ẹsẹ̀ ń ṣèrànwọ́. Sìgá ni kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n ìjọba ni ọ̀rọ̀ wa bá wí jù. Láti 2007 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka simvastatin, statin mìíràn, mọ́ oògùn kòṣeémáàní. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, síbẹ̀ owó àpò ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń ra oògùn. Kí àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ fún alátọ̀gbẹ, ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti ẹni tó ti lé lógójì ọdún. Ẹni tó bá nílò oògùn, kí wọ́n fún un ní ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kí gómìnà kọ̀ọ̀kan kọ iye rẹ̀ sínú ìṣúnná ọdún tó ń bọ̀, níbi tí gbogbo wa á ti rí i kà.