Trailer fíìmù ìfẹ́: ṣé ká fi ìfẹnukonu hàn ni, àbí ká fi í pamọ́?

Agéfíìmù Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé fíìmù. Trailer fíìmù ìfẹ́ lédè wa, fídíò kúkurú tí wọ́n fi ń polówó fíìmù, ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń tú gbogbo ẹrù sílẹ̀ kó tó dé ọjà. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, wọ́n ti pàdé, wọ́n ti jà, wọ́n ti parí ìjà, wọ́n ti fẹnu konu. Kí ló wá kù tí èèyàn máa sanwó wò?

Lójú tèmi, àlàfo ni trailer ìfẹ́ ń tà. Ọwọ́ méjì fẹ́ kanra, wọn ò tíì kàn. Ẹ gé e níbi tó ti ku bí ìbú ìka kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí gbogbo ojú ìwòran dúdú fún fréèmù 12 (fréèmù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fíìmù; ìdajì ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn, bí fíìmù bá ń lọ ní fréèmù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kí orúkọ fíìmù tó yọ. Òǹwòran á parí ìfọwọ́kàn yẹn lọ́kàn ara rẹ̀, á sì fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìyá Àràmídé
Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Ẹni tó ń wo fíìmù ìfẹ́ kò wá wádìí bóyá wọ́n máa fẹ́ra. Ó ti mọ̀. Bí wọ́n ṣe máa débẹ̀ ló wá wò. The Wedding Party tó jáde ní oṣù Kejìlá 2016, orúkọ rẹ̀ nìkan ti sọ pé ìgbéyàwó ni, èrò sì wọ́ lọ sí sinimá. Ẹ wo Titanic ti 1997 náà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn rì ní 1912, síbẹ̀ wọ́n gbé trailer tó ju ìṣẹ́jú 4 lọ jáde, wọ́n sì fi ọkọ̀ tó ń rì hàn nínú rẹ̀.

Ìdènà ni kẹ́ ẹ fi hàn kedere. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra? Kí nìdí? Bẹ́ ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ pamọ́, trailer yín á jọ ti fíìmù ọ̀daràn: èèyàn ń sáré, ilẹ̀kùn ń pa gbàgà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n ń tà fún òun.

Agéfíìmù Ìbàdàn
Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ya ìdènà sọ́tọ̀ kúrò lára ìparí. Mo gbà pé kí ìdènà hàn. Ìparí ni mo ní ká fi pamọ́. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 90 la ní, mo lè fi 15 sí ìpàdé, 30 sí ìgbà tí nǹkan dùn, 25 sí ìdènà, 2 sí ìdákẹ́jẹ́, kí ìyókù jẹ́ àwòrán kéékèèké tó ń yára títí dé orúkọ fíìmù. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni ìgbà dídùn yẹn. Wọ́n á sáré kọjá rẹ̀ láti lọ bá ìjà. Ẹni tí kò tíì rí wọn kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, báwo ni ìyapa wọn ṣe máa dùn ún?

Ẹ rántí pé gígùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ ni wọ́n máa ń lò. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn onílé-sinimá níbẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kó má kọjá ìṣẹ́jú 2, torí àwọn òǹwòran ń ráhùn pé trailer ń sọ gbogbo ìtàn tán.

Olóhùn Òṣogbo
Ti ojú lẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Etí ni ìfẹ́ ń gbà wọlé. Trailer àkọ́kọ́ fíìmù ìfẹ́ La La Land ní 2016 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ nínú rárá, orin tí olú òṣèrékùnrin rẹ̀ ń kọ ló gbé gbogbo àwòrán. Èèyàn ò mọ ìtàn, ṣùgbọ́n ó ti mọ bó ṣe máa rí lára òun.

Àmọ́ ìṣòro kan wà nínú fíìmù Yorùbá tí kò sí nínú ti òyìnbó. Ohùn la fi ń mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá ki dùùrù tàbí fèrè tó ń gòkè tó ń sọ̀ bọ abẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèré, ohùn rẹ̀ á máa bá ohùn ẹnu jà. Gángan ló burú jù, torí òun gan-an ń sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin ń sọ pé òun ò lọ mọ́, ìlù ń sọ nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀, etí òǹwòran á pín sí méjì.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni nínú fídíò òyìnbó ni pé kẹ́ ẹ dín orin kù láàárín 1 sí 4 kHz (Hz àti kHz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó; 1 kHz jẹ́ 1,000 Hz) kí ọ̀rọ̀ lè yọ. Kọ́ńsónáǹtì nìyẹn ń yọ. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tiwa wà nísàlẹ̀ dáadáa, láàárín bíi 100 sí 300 Hz. Nítorí náà, bí ẹnu bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí orin dúró sójú kan, kó má gòkè kó má sọ̀, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀ tó 10 sí 12 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó). Bí ẹnu bá ti pa dé, ẹ jẹ́ kó gbéra.

Ti ìdákẹ́jẹ́: ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ sí 2, kí gbólóhùn tó ṣe kókó jù tó jáde. Ẹ má sọ ọ́ di òfìfo pátápátá o. Ẹ fi ohùn yàrá sílẹ̀, ẹ fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan rárá, ẹni tó ń wò ó lórí fóònù á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbàgbé olóhùn tó ń ka ìpolówó. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì àti VCD, níwájú fíìmù mìíràn ni trailer máa ń wà, ẹni tó ń kà á á sì máa da ìbéèrè bolẹ̀: ṣé á fẹ́ ẹ ni, àbí ìyá rẹ̀ ò ní gbà? Àwọn èèyàn ń sọ pé ariwo lásán ni. Kì í ṣe ariwo lásán. Tẹlifíṣọ̀n máa ń kọjú síta ní ìsọ̀, ẹni tó ń kọjá lọ á gbọ́ kó tó rí. Ohùn yẹn ló ń dá a dúró. Ẹ wá yọ ọ́ kúrò, ẹ fi lẹ́tà òyìnbó tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ rọ́pò.

Olóhùn Òṣogbo
Àbúrò, òótọ́ lo sọ lórí ìbéèrè. Ìbéèrè ni kó dúró, kí olùkà lọ. Wá gbólóhùn kan nínú fíìmù fúnra rẹ̀ tó jẹ́ ìbéèrè, tí òṣèré fi ẹnu ara rẹ̀ bi ẹnìkejì, kí o jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ṣáájú ojú rẹ̀ wọlé ní bíi fréèmù 10. Òǹwòran á gbọ́ ìbéèrè, á máa wá ẹni tó bi í, ìgbà yẹn ni kí ojú dé. Kí o má sì fi ìdáhùn kún un.

Orí fóònù tí wọ́n ti pa ohùn ní àwọn ará òní ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ṣe pàtàkì nítorí ìyẹn, òun náà ló sì ń ba nǹkan jẹ́. Òṣèré kò tíì dé àárín gbólóhùn, òǹwòran ti kà á tán. Pín in sí méjì, kí apá kejì bá ẹnu rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ fídíò òòró, gbé e kúrò ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀, torí orúkọ àkáǹtì àti àlàyé máa bò ó.

Kámẹ́rà Òkè-Ògùn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti àwòrán náà. Trailer ò lè gé ohun tí wọn ò yà. Ìrìn jẹ́jẹ́ (slow motion) tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, orí kámẹ́rà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yà á ní fréèmù 50, kẹ́ ẹ tó fi sínú fíìmù 25: yóò lọ ní ìdajì eré, yóò sì dán. Bẹ́ ẹ bá ya 25, tẹ́ ẹ wá ní kí kọ̀ǹpútà fà á gùn, òun ló máa dá àwọn fréèmù àárín sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ó rí i bí etí gèlè àti ìka ọwọ́ ṣe ń yọ́ bí òrí. Ẹ má sì ya 60 lábẹ́ iná ilé wa láìdán an wò. Iná mànàmáná Nàìjíríà, 50 Hz ni. Ẹ lo fréèmù 50 pẹ̀lú ṣọ́tà 1/100 (kí kámẹ́rà gba ìmọ́lẹ̀ fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn gílóòbù kan á máa ṣẹ́jú lójú àwòrán, kò sì sí ẹni tó máa tún un ṣe dáadáa lẹ́yìn náà.

Lẹ́ńsì 85 mm tẹ́ ẹ fi ń ya ojú olólùfẹ́: ní f/1.8 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó nìyẹn; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ṣí tó), bí ènìyàn bá jìnnà tó mítà kan ààbọ̀, ibi tó mọ́ kedere kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Kó kàn mí sókè, ojú rẹ̀ ti ṣú. Ẹ gbé e dé f/2.8, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì rọ̀. Ti oòrùn ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Nílẹ̀ wa níbí, oòrùn ń yára wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oníwúrà yẹn kò ju bí ìdajì wákàtí lọ, nítorí náà ìran kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Àwọn tí kò bá a mọ́ ló ń da àwọ̀ ọsàn sórí àwòrán lẹ́yìn náà, tí ara adúmáadán á wá pọ́n bíi bíríkì.

Bísọ́lá Òǹwòran
Ẹ kú làákàyè. Ẹ̀tàn ńkọ́? Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù ará Rọ́ṣíà, lo ojú ọkùnrin kan náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó so ó mọ́ abọ́ ọbẹ̀, ó so ó mọ́ pósí, ó so ó mọ́ obìnrin. Ojú kò yí padà, àwọn èèyàn ló rí ebi, ìbànújẹ́ àti ìfẹ́ lára rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe fún wa nìyẹn: ẹ̀rín tó rín sí oúnjẹ ní ìran kẹta, ẹ so ó mọ́ obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn ní ìran ogójì. A dé ibẹ̀, àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ pàdé dáadáa. Owó wa ti lọ.

Agéfíìmù Ìbàdàn
Ẹ ò jayò pa. Ìlànà tí mo mọ̀ ni pé ẹ lè da ètò ìran rú, ẹ má da àjọṣe rú. Bó bá fẹ́ràn rẹ̀ nínú fíìmù, ẹ lè yá ẹ̀rín rẹ̀ láti ibòmíràn. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, irọ́ ni. Ẹni tó bá sì máa yá a, kó wo ibi tí ojú kọ sí: bí ọkùnrin bá ń wo ọ̀tún, kí obìnrin máa wo òsì, kí ìmọ́lẹ̀ sì ti ẹ̀gbẹ́ tó bára mu wá.

Ìyá Àràmídé
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká padà síbi ìfẹnukonu. Mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí kò yẹ la ń jà lé lórí. Nínú fíìmù Yorùbá, ìfẹnukonu kọ́ ni àlàfo tó wúwo jù. Ọmọbìnrin kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà, ìyá ò dáhùn. Kò sí ẹni tí a tọ́ nílẹ̀ yìí tí ìyẹn ò ní gún lọ́kàn. Ó fi ìdènà hàn bí mo ṣe fẹ́, kò sì sọ ìparí bí ẹ ṣe fẹ́.

Agéfíìmù Ìbàdàn
Àǹtí, mo gbà. Ibẹ̀ gan-an ni kí ìdákẹ́jẹ́ wà.

Kámẹ́rà Òkè-Ògùn
Ìsàlẹ̀ ni kí kámẹ́rà wà, ní ìwọ̀n ojú ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀, kí ìyá wà lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ṣú. Ẹ má fi ojú ìyá hàn. Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?

Agéfíìmù Ìbàdàn
Fréèmù 60 nínú fíìmù 24, ìṣẹ́jú àáyá 2 àti ààbọ̀. Kò sí gígé láàárín.

Olóhùn Òṣogbo
Kẹ́ ẹ fi ohùn ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, nígbà tó bá kan ilẹ̀.