Kì í ṣe gírámà ni wọ́n fi ń gba àmì-ẹ̀yẹ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Bí wọ́n bá ti kéde pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan gba àmì-ẹ̀yẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé gírámà ló gbé e débẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó ń fọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹní ń da omi ni wọ́n ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò yìí máa ń dùn mí, torí ó ń lé àwọn ọ̀dọ́ tó lè di olùkọ́ gidi sá.

Ẹ wo Nancie Atwell, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà. Òun ló kọ́kọ́ gba Global Teacher Prize, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún olùkọ́ kan láàárín àwọn olùkọ́ gbogbo àgbáyé, ní 2015, mílíọ̀nù kan dọ́là sì ni owó ibẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ó máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn yan ìwé tí wọ́n fẹ́ kà àti ohun tí wọ́n fẹ́ kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a máa ka nǹkan bí 40 ìwé lọ́dún. Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ló kó owó náà fún.

Ti Mandy Manning ló wú mi lórí jù. Òun ni National Teacher of the Year ní 2018, oyè tí wọ́n ti ń fi dá olùkọ́ lọ́lá ní Amẹ́ríkà láti 1952. Àwọn ọmọ ogúnléndé àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí orílẹ̀-èdè náà ló ń kọ́ nígbà náà ní ìlú Spokane. Gírámà ńláńlá wo ni èèyàn fẹ́ yọ sí ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń gbé ẹ̀rù ogun kiri? Nígbà tó dé White House, lẹ́tà tí àwọn ọmọ náà kọ ló fi lé ààrẹ lọ́wọ́.

Mi ò sọ pé kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì má mọ Gẹ̀ẹ́sì o. Dandan ni kó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tó yí padà lára ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ jù níwájú àwọn adájọ́.

Bákan náà ni fún àwọn tó ṣì ń múra láti di olùkọ́. Educators Rising, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń múra àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ olùkọ́, máa ń ṣe ìdíje fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Nínú ọ̀kan lára rẹ̀, ọmọ náà á ṣètò ẹ̀kọ́ kan fúnra rẹ̀, á dúró níwájú kíláàsì, á sì kọ́ wọn.