Kì í ṣe òótọ́ pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ìmúrasílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá àwọn tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọn kò ti jókòó síwájú ẹnikẹ́ni láti wá iṣẹ́: "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n fẹ́ bi mí léèrè, kí ni mo tún fẹ́ máa kà?" Wọn kì í sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni pé ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, tí kò ní nǹkan kan láti fi hàn, ni ìmúrasílẹ̀ wà fún, àti pé ẹni tí ó bá ti ní ìrírí yóò kàn la ẹnu, ọ̀rọ̀ yóò sì máa jáde. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àkísà tí a dì sínú àpò láti ọdún gbọọrọ, tí a kò tú wò rí, kò sí ẹni tí yóò rí i lára wa. Mo ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó dáńgájíá tí ó pàdánù iṣẹ́ tí ó yẹ wọ́n nítorí ìgbàgbọ́ yìí, èmi náà sì wà lára wọn.

Ọdún 13 ni mo fi ṣiṣẹ́ níbì kan ṣoṣo kí n tó tún lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo lọ aṣọ mi, mo to àwọn ìwé ẹ̀rí mi, mo sì tètè dé ibẹ̀. Ohun tí mo pè ní ìmúrasílẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè kejì tí wọ́n bi mí ni pé kí n sọ nípa ìgbà kan tí ojú tí èmi àti ọ̀gá mi fi wo ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ síra, kí n sì sọ ohun tí mo ṣe sí i. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ogún ìgbà lọ, síbẹ̀ kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó wá sí mi lọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, a máa ń pe ara wa jókòó, a máa ń fi sùúrù yanjú rẹ̀." Ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tí ó jókòó níwájú mi tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìgbà kan pàtó ni àwọn ń béèrè. Mo tún sọ ohun tí a máa ń ṣe. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí ìbéèrè mìíràn. Inú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sílé ni ìtàn mẹ́rin ti ń já lù mí lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ wọn àti ohun tí oníkálukú sọ. Wọn kò pè mí padà.

Ó pẹ́ tí mo fi rò pé ẹ̀rù ni ó bà mí. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ máa ń kúrò lẹ́nu rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí ó mọ ìwé tẹ̀ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tí ó ń tẹ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 72 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fún wọn ní àwòrán kíbọ́ọ̀dù tí kò ní lẹ́tà kankan lórí, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Nínú lẹ́tà 26, bí a bá pín in dọ́gba láàárín wọn, nǹkan bí 15 péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan rí kọ síbi tí ó yẹ. Ìka wọn mọ ibi tí lẹ́tà wà. Àwọn fúnra wọn kò lè sọ ọ́. Bákan náà ni ẹ lè bi nọ́ọ̀sì tí ó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ léèrè bí ó ṣe mọ̀ pé ara aláìsàn kan fẹ́ burú sí i, kí ó sì dá yín lóhùn pé òun kàn mọ̀ ni. Nǹkan mìíràn tún wà pẹ̀lú èyí. Ohun tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà máa ń papọ̀ di ọ̀kan nínú ìrántí, ọjọ́ rẹ̀ yóò parẹ́, orúkọ yóò parẹ́, yóò wá ku "a máa ń ṣe báyìí". Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ ni ó lè ṣòro fún un tó láti fa ìtàn kan ṣoṣo yọ bí wọ́n bá bi í lójijì. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ro èyí dáadáa, nítorí ó dojú ìgbàgbọ́ àtijọ́ náà dé: ẹni tí ìrírí rẹ̀ pọ̀ jù lọ ni ó nílò ìmúrasílẹ̀ jù lọ.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń bi wá. Ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gbẹ̀yìn lè máa retí pé ọ̀gá kan yóò yẹ ìwé ìtàn iṣẹ́ òun wò, wọn yóò jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibi tí òun ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá náà yóò sì fi ojú inú wò ó bóyá òun yẹ. Irú èyí ṣì wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ti fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1980, Gary Latham, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń bi awáṣẹ́ léèrè ohun tí yóò ṣe bí ọ̀ràn kan pàtó bá délẹ̀. Ní ọdún 1982, Tom Janz, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa rẹ̀, gbé òmíràn jáde, èyí tí ó dá lórí ohun tí awáṣẹ́ ti ṣe rí. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti rí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ti ṣètò rẹ̀ ṣáájú: ìbéèrè kan náà fún gbogbo ènìyàn, àti máàkì tí a ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí a ti kọ sílẹ̀.

Ìdí tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi fara mọ́ ọn kì í ṣe àṣà lásán. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ méjì, Frank Schmidt àti John Hunter, kó àwọn ìwádìí tí a ti ṣe láàárín ọdún 85 jọ láti mọ ohun tí a fi lè mọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ dáadáa bí a bá gbà á. Òṣùwọ̀n tí wọ́n lò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, níbi tí nǹkan kò ti sọ ohunkóhun fúnni, títí dé 1, níbi tí ó ti sọ gbogbo rẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ṣètò ṣáájú gba 0.51, èyí tí a kò ṣètò gba 0.38, iye ọdún tí ènìyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ sì gba 0.18 péré. Nígbà tí onímọ̀ mìíràn, Paul Sackett, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe ní ọdún 2022, wọ́n dín ọ̀pọ̀ lára àwọn iye náà kù, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ṣètò ni ó bọ́ sí òkè pátápátá, pẹ̀lú 0.42, iye ọdún kò sì kúrò nísàlẹ̀. Ọdún 20 tí a kọ sínú ìwé ìtàn iṣẹ́ lè jẹ́ kí wọ́n pè wá. Bí a bá ti wọlé, ó ti ṣe tirẹ̀ tán.

Mo ti jókòó sí ìhà kejì tábìlì náà lẹ́yìn ìgbà náà. Mo rántí obìnrin kan tí ó ti bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fọ́ọ̀mù tí ó wà níwájú mi ní àlàfo fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan àti máàkì láti 1 dé 5. Mo ní kí ó sọ nípa ìgbà kan tí ó tún nǹkan tí kò lọ déédéé ṣe. Ó dáhùn pé, "A tún ètò náà tò, a dín àṣìṣe kù, a sì rí i pé nǹkan ń lọ bí ó ti yẹ." Mo bi í pé, "Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe níbẹ̀, mà?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Iṣẹ́ àjọṣe ni, sà, gbogbo wa ni a jọ ṣe é." Mo tún ìbéèrè náà gbé wá lọ́nà mìíràn, ó tún padà sí "a". Mo wo àlàfo tí ó wà níwájú mi, n kò rí nǹkan kan kọ sí i. Mo fún un ní 2. Gbogbo bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹrù àti àkọsílẹ̀ fi hàn mí pé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni tí a rí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò lè fi máàkì sí ohun tí n kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn yòókù. Ó dùn mí títí di òní.

Kí wá ni ìmúrasílẹ̀ tòótọ́? Kì í ṣe kí a ka àkójọ ìbéèrè àti ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àkàtúnkà. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrántí, gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan. Àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn yòókù kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa á dé, wọ́n sì gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tí ó kà á lẹ́ẹ̀mejì ni ó rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù lọ́kàn wọn, nígbà tí àwọn tí ó gbìyànjú láti rántí ṣì ní ìdá 56. Ìwé kíkà máa ń jẹ́ kí ó dà bíi pé a ti mọ nǹkan. Fífà á yọ láti inú orí ni ó ń jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ nígbà tí a bá nílò rẹ̀, ohun tí wọn yóò sì ní kí a ṣe lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn.

Ẹ gbé ìkéde iṣẹ́ náà síwájú, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín ní tòótọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtàn bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ tó, nítorí ìtàn kan lè dáhùn ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìíní, ó ṣeé ṣe kí méjì péré wá sọ́kàn, kí ẹ sì rò pé ẹ kò ní nǹkan kan. Ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ lọ yẹ kàlẹ́ńdà àtijọ́ wò, ẹ ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìròyìn iṣẹ́ tí ẹ kọ, kí ẹ sì pe ẹnì kan tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ kí ẹ jọ rántí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn yòókù yóò máa wá, nígbà mìíràn nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ tàbí tí ẹ bá ń rìn. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ tí ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń sọ fún àwọn tí ó bá bi mí.

Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé, "Mo máa ń bójú tó ẹ̀sùn àwọn oníbàárà dáadáa." Ẹni kan náà, lẹ́yìn tí ó ti wá inú ìrántí rẹ̀, lè sọ pé: "Oníbàárà kan tí ó ti wà pẹ̀lú wa fún ọdún 6 kọ̀wé pé òun ń lọ, nítorí pé ẹrù òun ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Mo pè é lọ́jọ́ náà gan-an, mo tọrọ àforíjì, mo sì ní kí ó fún mi ní ọjọ́ 2. Mo yẹ ìwé ẹrù 40 wò, mo rí i pé gbogbo èyí tí ó pẹ́ ni ó wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí ẹni tí ó ń fọwọ́ sí i ti lọ sílé. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi, a sì yan ẹlòmíràn tí yóò máa fọwọ́ sí i ní ọjọ́ náà. Oníbàárà náà kò lọ." Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan láti sọ. Ẹni tí ó mú bírò lọ́wọ́ yóò rí nǹkan kọ, yóò sì rí ibi tí "mo" wà àti ibi tí "a" wà, láìjẹ́ pé olùsọ̀rọ̀ gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ ara rẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Mo tẹnu mọ́ èyí, nítorí èrò inú kò jọ ọ̀rọ̀ ẹnu rárá: ìtàn tí ó gún régé nínú orí lè gba ìṣẹ́jú 5 lẹ́nu, kí ó sì máa rìn káàkiri. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún un sọ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìdáhùn tí a ti fi dánra wò yóò dà bí àkọ́sórí. Yóò rí bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé gbólóhùn ni ẹ há sórí. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, iye rẹ̀ àti bí ó ṣe parí ni ẹ dì mú, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń sọ ọ́ yóò máa yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ní ti àlàfo tí ó wà láàárín iṣẹ́, bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, gbólóhùn méjì tí ó jẹ́ òtítọ́ tó: ohun tí ó gbà yín lákòókò, àti ohun tí ẹ ti ń ṣe láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àlàyé gígùn ni ó ń sọ ọ́ di ẹjọ́. Ẹ má sì rò pé ohun tí ẹ mọ̀ ti ṣòfò. Láti ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrántí tí ó jẹ́ ará Jámánì, ti gbé ìdánwò tí ó fi ara rẹ̀ ṣe jáde, tí ó sì fi hàn pé ohun tí ó dà bíi pé òun ti gbàgbé kì í gba àkókò púpọ̀ bíi ti àkọ́kọ́ bí òun bá tún un kọ́.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ múra sílẹ̀, síbẹ̀ tí orí yín ṣófo lójijì níwájú wọn, ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan kí n ronú." Kí ẹ dákẹ́ nígbà náà, kí ẹ wá a. N kò tíì rí fọ́ọ̀mù kan tí àyè wà lórí rẹ̀ láti yọ máàkì nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ìgbà kejì tí mo jáde láti wá iṣẹ́, mo lo nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú báyẹn lórí ìbéèrè kan nípa ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ wa kò bára mu. Mo ti múra ìtàn náà sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ó sì wá.