Ohùn mẹ́rin ò lè dún pọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí violin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ ní torí Bach, ará Jámánì tó ń kọ orin, to ohùn mẹ́rin léra nínú Chaconne, orin rẹ̀ fún violin kan ṣoṣo, ká tẹ ọ̀pá tá a fi ń fa violin mọ́ okùn gidi kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dún pọ̀, ká sì máa sáré ta á tán lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Igi tó gbé okùn dúró tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Okùn méjì lọ̀pá lè fà pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ta méjì ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí apá sí tòkè. Orin náà lé ní 250 báà (ìyẹn, abala kéékèèké tá a pín orin sí), àmọ́ báà mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí. Ẹ mú báà mẹ́rin péré lónìí, ẹ ta ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, ẹ fẹnu kọ ọ́, kẹ́ ẹ tó kó ìyókù lé e. Èmi náà tẹ ọ̀pá mọ́ ọn rí: ariwo ilẹ̀kùn tí ò rí epo ló jáde.